Ọgọ́rin Olórin Nínú Kọ̀ǹpútà Kan: Ta Ni Ó Ń Fun Fèrè Yẹn?

Ní oṣù Kejì ọdún 2011, ohun kan ṣẹlẹ̀ níbi ayẹyẹ àmì-ẹ̀yẹ Grammy ní Amẹ́ríkà, èyí tí ọ̀pọ̀ Kristẹni kò fiyè sí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, orin tí a kọ fún eré orí kọ̀ǹpútà gba àmì-ẹ̀yẹ náà. Ọ̀rọ̀ inú orin ọ̀hún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun tàbí ti ìbọn: Àdúrà Olúwa ni, ní èdè Swahili. "Baba Yetu" ni wọ́n ń pè é, Christopher Tin ni ó sì kọ ọ́ fún eré Civilization IV tí ó jáde ní ọdún 2005. Ní ọdún 2023, wọ́n ya ẹ̀ka kan sọ́tọ̀ fún orin irú àwọn eré bẹ́ẹ̀, Stephanie Economou sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba àmì-ẹ̀yẹ ẹ̀ka náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé, ó yẹ kí ó tún un rò.

Olùkàwé wa ọ̀wọ́n, a mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín nítorí pé ó kan àwọn ọ̀dọ́ tí ń tẹ dùùrù àti kíbọọdù fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn kan nínú wọn ń wá iṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà, yálà ní Èkó, níbi tí wọ́n ti dá Maliyo Games sílẹ̀ ní ọdún 2012, tàbí ní òkè òkun. Ohun tí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń fẹ́ rí kí ó tó wo ìwé ẹ̀rí ni àpẹẹrẹ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni: orin ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta tí yóò fi hàn pé olórin náà lè kọ orin ìrìn-àjò, orin ìjà àti orin ọ̀fọ̀, kí ó sì máa dún bí ẹni pé ọgọ́rin olórin ni ó jókòó síwájú olùdarí. Níbo ni ọmọ ọdún méjìlélógún yóò ti rí ọgọ́rin olórin kó jọ? Inú kọ̀ǹpútà ni ó ti ń rí wọn.

Báwo ni ohùn ṣe ń wọ inú ẹ̀rọ?

Wọn yóò pe ata-fayolínì kan wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, wọn yóò ní kí ó ta ohùn kan ṣoṣo, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò tún un ta kíkan díẹ̀, lẹ́yìn náà kíkankíkan. Wọn yóò ní kí ó fà á gùn, kí ó gé e kúrú, kí ó fi ìka já okùn, kí ó gbọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n bá parí eléyìí ni wọn yóò tó bọ́ sórí ohùn kejì. Ohùn kan náà ni wọ́n máa ń gbà sílẹ̀ ní ìgbà mélòó kan kí ẹ̀rọ lè máa pààrọ̀ wọn, nítorí pé bí ohùn kan bá ń tún ara rẹ̀ wí láìyàtọ̀ rárá, á máa dún bí ìbọn arọ̀jò-ọta, etí á sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù gidi ni. Vienna Symphonic Library, tí Herb Tucmandl, ata-sẹ́lò ará Austria, dá sílẹ̀ ní ọdún 2000, wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di òwò ńlá. Ní ọdún 2019 ni Spitfire Audio ti London gbé ohùn ọ́kẹ́sítírà BBC jáde, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Maida Vale. Ẹ̀dà rẹ̀ tí ó tóbi jù lọ ń gba nǹkan bí 600 gígábáìtì. Àbúrò rẹ̀ tí ó kéré jù lọ, tí ènìyàn lè gbà láìsan kọ́bọ̀, kò ju nǹkan bí 200 mẹ́gábáìtì lọ. Ẹni tí ó bá mọ iye tí à ń ra dátà ní ilẹ̀ wa yóò mọ ìdí tí ìyàtọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì.

Ṣùgbọ́n rírà á kò sọ ènìyàn di olórin. Ẹ̀rọ kì í mí, bẹ́ẹ̀ afunfèrè gidi gbọ́dọ̀ mí. Ẹni tí ó bá kọ orin fèrè fún odindi ìṣẹ́jú kan láìfi àyè èémí sílẹ̀ ti tú àṣírí ara rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ń tẹ orin, ọwọ́ òsì wà lórí àgbá kékeré ẹ̀gbẹ́ kíbọọdù, ó ń gbé ohùn sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí gbogbo ẹgbẹ́ yóò fi dà bí ẹlẹ́ran-ara. Ní ti èyí, ẹni tí ó dàgbà sínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ, tí ó ti mọ bí ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ń rìn, ti ṣáájú ẹni tí ó kàn ní ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ìbẹ̀rù àwọn olórin

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1963, ní Birmingham, wọ́n gbé Mellotron jáde: lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ni téèpù kan wà tí ó gba ohùn bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Ní ọdún 1979, Fairlight jáde ní Sydney, ó sì fi kọ̀ǹpútà rọ́pò téèpù. Ní ọdún 1982, lẹ́yìn tí Barry Manilow fi ẹ̀rọ rọ́pò ọ́kẹ́sítírà nínú ìrìn-àjò orin rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀ka ẹgbẹ́ Musicians' Union ní àárín gbùngbùn London dìbò pé kí wọ́n fòfin de irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Síbẹ̀, àwa kò lè bá àwọn tí ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí oúnjẹ ọmọ wọn ni wọ́n ń gbèjà.

Èwo wá ni òtítọ́? Ó ní apá méjì. Ọmọ tí kò lówó kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí ó lo ẹ̀rọ, torí pé kò lè gba ọ́kẹ́sítírà rárá. Spitfire pàápàá sọ pé òun ń fún àwọn olórin tí ohùn wọn wà nínú ọjà òun ní ìpín nínú èrè. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ tí ó lówó, tí ó sì yan ẹ̀rọ kí owó lè ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn mìíràn ń da méjèèjì pọ̀: nínú orin tí Jeremy Soule kọ fún Skyrim ní ọdún 2011, inú ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ohun èlò ti wá, ṣùgbọ́n àwọn akọrin jẹ́ ènìyàn gidi, nǹkan bí 30, tí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní ìpele-ìpele kí ó lè dún bí 90.

Ohun tí olùgbọ́ ń wá

Ẹni tí yóò gbọ́ àpẹẹrẹ iṣẹ́ kan ní púpọ̀ láti gbọ́. Bí ìbẹ̀rẹ̀ orin bá ń fà, yóò pa á, yóò bọ́ sórí ti ẹlòmíràn. Ní oṣù Keje ọdún 1999, níbi ìpàtẹ Macworld ní New York, wọ́n fi eré Halo han ayé. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni Martin O'Donnell ní láti fi kọ orin rẹ̀, ó sì fi ohùn àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí orin àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́-anìkàngbé nínú ilé ìsìn àtijọ́. Ọdún 2001 ni eré náà tó jáde, ohùn yẹn sì ni àwọn ènìyàn fi ń dá a mọ̀ títí di òní.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn atẹdùùrù wa ní láìmọ̀. Orin inú eré kò ní òpin tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Aṣeré lè wà nínú igbó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí wákàtí mẹ́ta. Orin gbọ́dọ̀ máa yí po láìsí ibi tí a ti rí ojú rírán, bí ọ̀tá bá sì yọ, kí ìlù wọlé lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ bí FMOD àti Wwise ni wọ́n fi ń tò ó. Ta ni ó mọ̀ ọ́n ju ẹni tí ó ti ń tẹ dùùrù lásìkò ìdáwó, tí ó ń tún ẹsẹ kan yí nígbà tí ìlà kò tíì tán, tí ó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí oníwàásù bá gbé ọwọ́? Kí ó fi èyí hàn nínú àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀.

A kò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ olè jíjà. Ẹ̀dà jíjí àwọn ohùn wọ̀nyí pọ̀ káàkiri, àwọn ọmọ wa kan sì ń lò ó láìbìkítà. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sí òfin Ọlọ́run, ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ ra orin náà lè béèrè ìwé àṣẹ, ẹni tí ó jí i kò sì ní ní in. Níwọ̀n ìgbà tí èyí tí a ń gba lọ́fẹ̀ẹ́ wà, àwáwí kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́. Bákan náà ni ẹni tí ó yọ orin kúrò lára àwòrán eré olókìkí kan, tí ó fi tirẹ̀ sí i: kí ó kọ ọ́ gbàǹgbà pé ìdánrawò ni, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ó bá wọn ṣe eré náà.

Nísinsìnyí, ẹ̀rọ tí ń kọ odindi orin fúnra rẹ̀ ti dé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ olórin ńláńlá pe Suno àti Udio lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé wọ́n fi orin àwọn kọ́ ẹ̀rọ láìgba àṣẹ. Nígbà tí ọdún 2025 fi ń parí, àwọn kan nínú wọn ti bá ara wọn ṣe àdéhùn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àtijọ́ ni pé ata-fayolínì ti Maida Vale mọ ohun tí wọ́n pe òun fún, ó jókòó, ó sì gba owó.

Níhìn-ín ni ìlù dùndún ti wọ ọ̀rọ̀ wa. Inú fífà àti dídẹ ọṣán ni ọ̀rọ̀ dùndún wà. Ẹni tí ó bá gba ìró kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó sì tò ó bí ó ṣe wù ú, etí Yorùbá yóò gbọ́ ìró, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Fela Sowande, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kan ní London, ti fi African Suite ti ọdún 1944 hàn pé orin ilẹ̀ wa lè jókòó láàárín àwọn ohun èlò olókùn ti òyìnbó. Ọ̀dọ́ tí ń to àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ lónìí lè fi fayolínì inú ẹ̀rọ ṣe ìtẹ́, kí ó sì pe onílù ìjọ rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ agbóhùn kan fún wákàtí kan, kí ó san owó rẹ̀ fún un, kí ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ iṣẹ́ náà.