Ẹ Má Fi Kún Wákàtí Tí Èrò Ń Fi Dúró

Ẹni tó bá gba owó ọjà tán tí kò gbé ọjà kalẹ̀ ti di onígbèsè. Ohun tí òfin EU 261 ń sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ òfurufú ní Yúróòpù nìyẹn láti oṣù Èrèlé ọdún 2005. Bí wọ́n bá wọ́gi lé ìrìn àjò láìsọ fún èrò ní ọjọ́ 14 ṣáájú, wọ́n ní láti san owó gbà-má-bínú: láti 250 yúrò fún ìrìn kúkúrú títí dé 600 fún ọ̀nà jíjìn. Ní 2009, Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù là á yé wọn pé ẹni tó bá fi wákàtí mẹ́ta pẹ́ dé náà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó yìí.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Òkúdù 2025, àwọn mínísítà ètò ìrìnnà ilẹ̀ Yúróòpù fẹnu kò pé kí wákàtí mẹ́ta di mẹ́rin, kí ó sì di mẹ́fà fún ìrìn tó bá ju 3,500 kìlómítà lọ. Wọ́n tún ní kí 600 yúrò wálẹ̀ sí 500. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu!

Àwọn ọlọ́kọ̀ ní wákàtí mẹ́ta kò tó láti wá ọkọ̀ mìíràn. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Bí ìjì líle bá dá wọn dúró, òfin kò ní kí wọ́n sanwó. Èyí tó jẹ́ ẹ̀bi tiwọn ni wọ́n ń san. Aago wákàtí mẹ́ta ló ń lé wọn sáré. Ẹ fún wọn ní mẹ́fà, mẹ́fà ni wọn yóò lò.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Òfin náà kò béèrè ìlú tí èrò ti wá. Ọmọ Yorùbá tó wọkọ̀ ní Párís tó ń bọ̀ ní Èkó wà lábẹ́ rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì ju 3,500 kìlómítà lọ. Bí àbá yìí bá di òfin, tó sì fi wákàtí márùn-ún pẹ́ dé, tí ilẹ̀ ṣú, tí mọ́tò Ìbàdàn ti lọ, kò ní gba kọ́bọ̀.

Èrò tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, ta ló ń dúró dè é? Bí aago bá le fún èrò, ó yẹ kó le fún ọlọ́kọ̀ náà. Kí wákàtí mẹ́ta dúró.