Ọmọ Ènìyàn Kì Í Ṣe Ẹrù Katakata

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ní Ìgàngán, Tápà àti Ayétẹ̀, olúkúlùkù a máa wá ẹni tí yóò fi katakata túlẹ̀ ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ẹ̀gúsí fún un. Ẹ̀yin ìyá pẹ̀lú ń san owó yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Bí táyà ẹ̀yìn bá ń yí lásán lójú kan, awakọ̀ mìíràn lè pe àwọn ọmọ kí wọ́n wá gun ìtúlẹ̀, kí ó lè wúwo. Ẹ má gbà fún un. Bí kùkùté bá ta ìtúlẹ̀ náà, abẹ́ irin mímú ni ọmọ yóò bọ́ sí. Tàwákálítù kì í ṣe pé kí a gbé ọmọ lé orí abẹ, kí a wá máa ṣàdúà.

Lóòótọ́, katakata nílò ìwúwo. Bí ó bá fúyẹ́, táyà yóò máa gbẹ́ ihò, epo yóò sì máa ṣòfò. Bí ohun tí ó gbé sẹ́yìn bá wúwo jù, iwájú rẹ̀ yóò gbéra nílẹ̀, kò sì ní gbọ́ ti awakọ̀ mọ́. Irin àti omi ni a fi ń tún èyí ṣe. Irin wà tí wọ́n rọ fún imú rẹ̀, òmíràn sì wà fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bóòtù ni a fi ń dè é, kì í ṣe òkúta tí a fi okùn so.

Ní ti omi, a ó yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn títí ẹnu tí a ń gbà fẹ́ táyà yóò fi wà lókè pátápátá, a ó sì rọ omi dé ẹnu náà. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni èyí. Afẹ́fẹ́ ni yóò kún ìyókù. Lítà omi kan jẹ́ kìló kan: bí táyà kọ̀ọ̀kan bá gba 200 lítà, bí ẹni gbé àpò sìmẹ́ńtì 8 lé méjèèjì ni. Ní ìlú òtútù, wọn a máa po iyọ̀ kan mọ́ ọn kí ó má baà dì, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin. Ọlọ́run ti gba Ìgàngán lọ́wọ́ ìyẹn.

Kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin náà, kí wọ́n wá ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sọ ìtúlẹ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì fi òkúta há táyà. Kí ọmọdé jìnnà.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó tó? Ẹ tẹ̀lé ipa táyà. Bí àmì rẹ̀ bá mọ́ kedere bí òǹtẹ̀, ó ti wúwo jù, yóò ki ilẹ̀ débi tí ẹ̀gẹ́ kò ní ta dáadáa. Bí àmì bá parẹ́ pátá, ó fúyẹ́. Èyí tí etí rẹ̀ hàn, tí àárín rẹ̀ sì rú díẹ̀, ni a ń fẹ́.

Ohun tí ó burú jù ni kùkùté tí wọ́n fi ṣéènì so mọ́ òkè ẹ̀yìn katakata. Bí kùkùté bá kọ̀, imú katakata yóò gbéra, yóò sì dà sẹ́yìn lé awakọ̀ lórí kí ó tó parí Bìsímílà. Harry Ferguson, ọmọ Ireland tí orúkọ rẹ̀ wà lára Massey Ferguson, ṣe ìsomọ́ tí ìtúlẹ̀ fi ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kùkùté kò sí nínú ìṣirò yẹn. Irin ìsàlẹ̀ tí wọ́n ṣe fún fífà nìkan ni kí wọ́n so ṣéènì mọ́, kí ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá sì dúró lókèèrè títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú.