Ìyálé àti ìyàwó nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ Windows ti di ọ̀rọ̀ ilé olórogún báyìí o. Láti ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tí Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, àfi fáwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àsìkò, ọkàn ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ò balẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé Windows 11 wọlé. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí wọ́n ti ń lò bọ̀ tipẹ́tipẹ́ ńkọ́?

Ká sọ pé atẹ̀wé kan wà ní Ṣómólú, l'Ékòó. Ẹ̀rọ tó fi ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, iléeṣẹ́ tó ṣe é ò sì kọ dráífà tó bá Windows tuntun mu fún un. Bó bá pa Windows àtijọ́ rẹ́, ẹ̀rọ ọ̀hún di irin lásán, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lowó iléèwé ọmọ ti ń jáde. Bó bá sì ní òun ò pààrọ̀ ohunkóhun, kò sẹ́ni tí yóò máa bá a dí ihò táwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ìyẹn kì í ṣe àhesọ. Lóṣù karùn-ún, ọdún 2017, tí WannaCry jáde, tó ń ti fáìlì onífáìlì pa, tó ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, Microsoft ti gbé oògùn ẹ̀ síta láti oṣù kẹta. Àwọn tí ò tíì lò ó ló kó sí wàhálà, títí kan àwọn ọsibítù ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdí nìyí táwọn kan fi ń fẹ́ méjèèjì pọ̀. Ti àtijọ́ ni ìyálé, tuntun ni ìyàwó, kọ̀ǹpútà ni ọkọ. Dual boot ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ti tan kọ̀ǹpútà, á kọ́kọ́ béèrè pé ta ló kàn. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa jí, èkejì á wà nínú yàrá tiẹ̀.

Yàrá ọ̀hún gan-an lọ̀rọ̀ wà. Inú Disk Management, níbi tí wọ́n kọ Shrink Volume sí, ni wọ́n ti ń là á. Windows 11 ní òun ò gbé ibi tí kò tó 64GB. Ẹni tó bá fẹ́ kó mí dáadáa, kó fún un ní 100GB. Kọ̀ǹpútà tí gbogbo ilé ẹ̀ ò ju 128GB lọ, ẹ má wulẹ̀ dán an wò, ìjà yàrá ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀.

Kẹ́nikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da gbogbo iṣẹ́ yín kọ sórí háádì díìsì mìíràn. Oníṣẹ́ tí ò ní sùúrù lè fọ́máàtì gbogbo ẹ̀ pọ̀, kó wá máa sọ pé, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ẹ má bínú kẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá ti lọ! Ẹ tún wò ó bóyá BitLocker wà níbẹ̀. Tí ìyẹn bá rí i pé wọ́n ti yí bí kọ̀ǹpútà ṣe ń jí padà, ó lè ní àfi kí wọ́n tẹ kọ́kọ́rọ́ tó jẹ́ nọ́ńbà 48 kóun tó ṣílẹ̀kùn. Ẹni tí ò kọ ọ́ síbì kan, ìta ló máa sùn.

Ìyálé ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Tuntun mọ ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ò mọ tuntun rí. Àwọn tó gbé XP ti ọdún 2001 ka orí Vista ti ọdún 2007 rí i fójú ara wọn: XP gba ẹnu ọ̀nà, Vista ò lè jí mọ́ àfìgbà tí wọ́n tún un ṣe.

Ìwà kan tún wà lọ́wọ́ ìyàwó tí ò dáa. Tí wọ́n bá ní kó kú, ó lè máa díbọ́n. Fast Startup ló ń fà á. Á ṣe bí ẹni tó ti lọ, bẹ́ẹ̀ ó ṣì di kọ́kọ́rọ́ ilé mú. Tí ìyálé bá wá fọwọ́ kan fáìlì nínú yàrá ẹ̀ lásìkò yẹn, fáìlì lè bàjẹ́. Inú Power Options ni wọ́n ti ń pa á.

Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, ìyálé ò gbọ́dọ̀ jáde síta mọ́. Kí wọ́n wọ Device Manager nínú ti àtijọ́, kí wọ́n pa ohun tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kò ní í dí tuntun lọ́wọ́.

Ẹni tó jẹ́ pé Windows 7 ni ìyálé tiẹ̀, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun ni kì í gbà á wọlé. Ti irú wọn ni VirtualBox, tó máa ń fún Windows 7 ní bọ́ìskọ́tà nínú Windows 11, wọ́n á sì jọ jí lẹ́ẹ̀kan náà.

Tí ohun gbogbo bá ti parí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni kọ̀ǹpútà máa ń fi dúró kí wọ́n yan èyí tó kàn. Tí wọn ò bá yan nǹkan kan, tuntun ló máa jí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìyálé ṣíwájú, kó tẹ msconfig, kó wọ Boot, kó yàn án níbẹ̀, kó sì dín àsìkò náà kù sí mẹ́wàá.