Iyọ̀ Òyìnbó Lórí Àwo Oyin



Ní ìsọmọlórúkọ kan tí mo darí láìpẹ́ yìí, ohun ìwúre pé lórí ẹní: obì, orógbó, ataare, iyọ̀, epo, omi tútù. Nígbà tí mo nawọ́ sí àwo oyin, hóró ṣúgà funfun mẹ́fà ni mo bá níbẹ̀. Ojú ti ìyá ìkókó. Ó ní oyin ti wọ́n jù lọ́jà. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi mí pé, “Baba, ṣebí adùn kan náà ni?” Mo rẹ́rìn-ín, mo sì wúre náà parí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn bá mi délé.

Èmi gan-an kò lẹ́nu láti bá a wí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, hóró mẹ́rin ni mo ń fi sínú ife tíì kan. N kì í mu gàrí láìsí ṣúgà. Bí mo bá ti parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, ọwọ́ mi á ti máa wá ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ìmọ̀ èdè ni mo ń ṣe, nítorí náà inú èdè ni mo ti kọ́kọ́ wá ìdáhùn. Àwọn àgbà wa kò fi orúkọ oyin pe ṣúgà. Iyọ̀ òyìnbó ni wọ́n pè é. Wọ́n mọ̀ pé àlejò ni. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ iṣẹ́ méjì lẹ́nu wa: bí a bá ní “ó dùn”, adùn là ń sọ; bí a bá ní “ó dùn mí”, ìrora ni. Bí ẹ bá sì tú orúkọ àtọ̀gbẹ palẹ̀, ẹ ó rí ẹni tó ń tọ̀ títí ara rẹ̀ fi gbẹ. Èdè kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ a máa ríran.

Ìtàn ṣúgà kò sì jìnnà sí ìtàn tiwa. Nígbà tí ìṣọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Haiti, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1791, da òwò ṣúgà ibẹ̀ rú, Kúbà ló gba ipò náà. Oko ìrèké ń wá apá tí yóò ṣiṣẹ́. Ogun abẹ́lé tí àwa fúnra wa jà nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń ṣubú sì ń kó ènìyàn sọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣe di Lukumí ní àgbègbè Matanzas, tí wọ́n ń gé ìrèké, tí wọ́n ń se oje rẹ̀ lórí iná. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó parí ní Kúbà, 1888 ní Bràsíìlì. Àwọn tó ru ìrèké yẹn náà ni wọ́n tọ́jú ìlù àti ìbọ òrìṣà tí a fi ń yangàn lónìí. Ìrèké kò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n fi ra ṣúgà kò ní sọ pé adùn kan náà ni.

Lónìí, kò sí ẹni tó ń fi ẹgba lé wa lọ sídìí ṣúgà; owó wa la fi ń rà á. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí ṣúgà tí a ń fi kún oúnjẹ má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ara, wọ́n sì ní yóò sàn sí i bí kò bá tó ìdajì ìyẹn, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 25, ìyẹn ṣíbí tíì mẹ́fà. Oyin pàápàá wà nínú ìṣirò náà. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìdajì lítà kan ṣoṣo lè ní tó gíráàmù 50. Àpọ̀jù rẹ̀ ń ba eyín jẹ́, ó ń mú ara sanra jù, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àtọ̀gbẹ oríṣi kejì. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fi owó orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú òfin ìnáwó ti 2021, ṣùgbọ́n owó orí nìkan kò lè dá ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà ìgò dúró.

Ohun tó lè dá a dúró wà nílé wa: èèwọ̀ ni. Èèwọ̀ kì í ṣe ìpinnu tí à ń tún ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tí Ifá ní kó má jẹ ẹran kan kì í dúró nídìí ìkòkò láti bá ara rẹ̀ jiyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti parí. Àwọn olórìṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Oúnjẹ òrìṣà náà kì í ní iyọ̀, àtẹ́ ni. Níbẹ̀rẹ̀, àtẹ́ a máa dà bí ìyà lẹ́nu. Bó bá yá, ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ adùn iṣu fúnra rẹ̀. Àwa tí a lè fi iyọ̀ sílẹ̀ nítorí òrìṣà, ṣé iyọ̀ òyìnbó ni yóò wá ṣẹ́gun wa?

Mo ka ṣúgà léèwọ̀ fún ara mi. Ifá kọ́ ló yàn án fún mi. Èmi ni mo yàn án. Ìgò ni mo kọ́kọ́ pa tì, nítorí ibẹ̀ ni ṣúgà pọ̀ sí jù. Lẹ́yìn náà, mo ń yọ hóró kan kúrò nínú tíì mi lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀sẹ̀ kìíní korò: orí ń fọ́ mi, inú ń bí mi láìnídìí. Mo wá ṣàkíyèsí pé òùngbẹ ṣúgà dà bí àlejò tí kì í pẹ́. Bí mo bá mu omi, tí mo dìde rìn díẹ̀, tàbí tí mo jẹ ẹ̀pà, á lọ. Ọjọ́ tí n kò bá sùn dáadáa tàbí tí n kò jẹun àárọ̀ ló máa ń dé jù, nítorí náà mo ń jẹ ẹ̀wà tàbí ẹyin kí n tó jáde. Kí oṣù méjì tó pé, agbálùmọ̀ tí mo ń pè ní kíkan tẹ́lẹ̀ ti ń dùn lẹ́nu mi.

Ẹni tó bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dá èyí ṣe láìsọ fún dókítà rẹ̀, nítorí bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ jù, ó lè pani. Kò sí èèwọ̀ tó ju ẹ̀mí lọ.

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí oyin padà sórí àwo rẹ̀. Ẹ̀kán kan ṣoṣo tó fún ìwúre. Níbi ọdún wa, kí omi tútù àti omi ìṣápá tí kò ní ṣúgà gba ipò kíréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ fi àgbáyun han àwọn ọmọ, èso pupa kékeré tí a bá ti jẹ ẹ́, ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá á dùn lẹ́nu.

Mo ti padà lọ sọ́dọ̀ ìyá ìkókó náà. Mo mú ìgò oyin kékeré kan dání, mo sì sọ fún un pé adùn náà kì í ṣe ọ̀kan. Ó fẹ́ fi kan ọmọ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Mo dá a dúró, torí àwọn dókítà kìlọ̀ pé kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Òun ni mo ní kó tọ́ ọ wò lórúkọ ọmọ rẹ̀.

Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Kí Orí wa má jẹ̀ẹ́ kí ohun tó dùn dùn wá. Àṣẹ.