Kí Ni Ó Wà Lẹ́yìn Àmì Náà?

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìdáná, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àti ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ ni a sábà máa ń jọ sọ níbí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá. Inú pálọ̀ ilé wa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí mo lọ sílé ní Ìsẹ̀-Èkìtì láìpẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún tí ó ń kàwé ní Ìkẹ́rẹ́, fi páálí kan hàn mí. Ìbọn ìdánrawò kan ni ó wà nínú rẹ̀, èyí tí kò lè yin ọta, pẹ̀lú àwo pẹlẹbẹ márùn-ún. Ó to àwọn àwo náà sí ara ògiri, ó sún sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Àmì pupa kékeré kan ni yóò hàn. Bí ó bá ba àwo, àwo yóò tan iná. Bí ó bá tàsé, àwo kò ní dáhùn.

Mo bi í pé kí ni ó fẹ́ fi èyí ṣe. Ó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú. N kò bi í ní ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ agbègbè wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2024, nígbà tí àwọn agbébọn dá bọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan lọ́nà, tí wọ́n sì kó àwọn ọmọdé àti olùkọ́ tí ó ti Emùré ń lọ sí Eporo wọ igbó lọ. Ọjọ́ 4 oṣù Kejì ni wọ́n tó gba ìdásílẹ̀, ṣùgbọ́n awakọ̀ wọn kò padà wálé. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ń wò ó pé ó yẹ kí àwọn náà lè dáàbò bo ilé wọn. N kò lè bá wọn wí fún èyí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Iná lésà ni ó ń jáde lẹ́nu ìbọn náà nígbà tí ìka bá fa irin ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a sì tó ṣẹ́jú, iná ti kú. Ohun tí ń mọ ìmọ́lẹ̀ lára wà nínú àwo, òun ni ó ń sọ pé a bà á. Irú mìíràn wà tí ó dà bí ọta, tí a ń ki sínú ìbọn gidi ní ipò ọta. Ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa kò gba irú èyí, nítorí láti ẹnu rẹ̀ ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i.

Kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé rárá. Láti ìdíje Òlíḿpíìkì ti London ní ọdún 2012 ni àwọn tí ń ṣe eré ìdárayá alápá márùn-ún ti ń fi ìbọn lésà díje níbẹ̀. Ẹsẹ̀bàtà ń dúró ní mítà 10 sí àmì tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mìlímítà 59.5 lọ. Ó kéré sí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ohun tí ó ń kọ́ni ni ìdúró tí kò mì, èémí tí ó rọ̀, àti ìka tí kò já irin gbà lójijì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń tàsé, ojú wọn kọ́ ni kò ríran. Ìka wọn ni ó ń kánjú, tí ó sì ń fa ẹnu ìbọn kúrò lójú ibi tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ. Iná lésà yóò tú àṣírí èyí lójú ẹsẹ̀, láìná kọ́bọ̀ kan lórí ọta.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ba àwo mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Bàbá wa, ọdẹ tí ó ti fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀ kí n tó gbọ́njú, jókòó sórí àga wọn, wọ́n ń wò ó. Ọmọ náà yíjú sí wọn, ó ń retí ìyìn.

Bàbá ní, “Ọwọ́ rẹ dúró dáadáa. Kí ni ó wà lẹ́yìn àwo yẹn?”

“Ògiri ni, Bàbá.”

“Lẹ́yìn ògiri ńkọ́?”

Gbogbo wa dákẹ́. Ní ẹ̀yìn ògiri náà, a ń gbọ́ ìró odó. Ìyá rẹ̀ ń gún iyán fún wa.

Bàbá kò bínú. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn kan tí n kò gbọ́ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n ní ní ìgbà èwe wọn, àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn kan jọ ṣọdẹ òru lẹ́bàá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Wọ́n pínyà, wọ́n sì fi àdéhùn sí ibi tí kálukú yóò gbà. Iná orí Bàbá bá ojú ẹtu méjèèjì, ó ń pọ́n bí ẹ̀yinná. Wọ́n yìnbọn.

Bàbá ní, “N kò tàsé. Mo pa ẹtu náà. Ṣùgbọ́n ọta inú ṣakabùlà kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn tí kò ba ẹtu kọjá lọ sínú igbó, ọ̀rẹ́ mi sì ń bẹ níbẹ̀. Ó ti ṣìnà kúrò ní ọ̀nà tí a jọ sọ.”

Ọ̀rẹ́ wọn kò kú, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún kò gbé ọkọ́ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ohun kan tí ó máa ń bí mi nínú ní ọmọdé. Lọ́dọọdún, bí àkókò ebè kíkọ bá tó, oko bàbá kan tí kì í ṣe ẹbí wa ni Bàbá máa ń kó wa lọ ṣáájú. Bí a bá kọ ebè tirẹ̀ tán ni a tó ń lọ sí tiwa. Mo rò pé inúure lásán ni. Mi ò mọ̀ pé gbèsè ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ó mú mi kọ̀wé yìí nìyẹn. Àwo tí ń tan iná lè sọ fún yín pé ẹ bà á. Kò lè sọ fún yín pé kò yẹ kí ẹ yìn ín. Kò ní ẹ̀yìn, kò ní ẹbí, kì í ṣìnà wá sí iwájú yín. Ìbọn gidi tún ń fọ̀, ó ń ta ni ní èjìká, èéfín rẹ̀ ń bo ojú, lésà kò sì lè fi èyíkéyìí nínú wọn kọ́ni. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n yìn nìkan kò tíì di ọdẹ. Ẹni tí ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sọ ìbọn kalẹ̀ ni ọdẹ.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ náà kó àwọn àwo jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó tò wọ́n sí ẹsẹ̀ òkìtì yẹ̀pẹ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kì í gbà kọjá. Bàbá ní kí ó máa pe ohun tí ó rí àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ síta kí ìka rẹ̀ tó kan irin. Èmi náà bá a ya àwòrán sórí páálí: ẹtu, ọ̀yà, obìnrin tí ó ru igi, ọmọdé, àti ìnàkí, nítorí ìnàkí ṣì ń gbé inú igbó ọba ti Ìsẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ pa á. Mo ń gbé wọn sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye ìgbà tí ó kó ara rẹ̀ níjàánu ni Bàbá ń kà, wọn kò ka iye tí ó bà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ìdánrawò yìí nílé, ẹ jẹ́ kí ọta gidi jìnnà sí yàrá náà pátápátá. Bí ó bá jẹ́ ìbọn gidi ni ẹ ń ki lésà sí, kí ẹni méjì yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe tan lésà sí ojú ènìyàn tàbí ẹran, ẹ má sì ṣe yìn ín sí dígí, nítorí yóò padà sí yín. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ tó. Ẹ má ṣe gbé ìbọn ìdánrawò jáde sí títì. Lójú ọlọ́pàá tí ó wà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀, kò yàtọ̀ sí ti gidi. Ẹ sì rántí pé òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti ọdún 1959 kò yọ ṣakabùlà pàápàá sílẹ̀: ìwé àṣẹ ṣáájú ìbọn.

Kí n tó padà, mo bi Bàbá bóyá wọ́n fọwọ́ sí i kí ọmọ náà wọ ẹgbẹ́ ọdẹ. Wọ́n ní, “Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ wá bá mi kọ ebè.” Oko ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ní lọ́kàn. Àwọn ọmọ ọ̀rẹ́ náà ni wọ́n ń dá a báyìí, Bàbá kò sì tíì dáwọ́ dúró.