Ọ̀pẹ Kúkúrú Ni Kó Ṣíwájú

Ẹ̀yin ará wa ní Bìní, tá a bá ń ra epo ní Ogbe níbí, à ń ná an ni, a kì í bèèrè ẹni tó gun ọ̀pẹ. Bí igbà bá já, èèyàn ló lọ yẹn.

Láti 1939 ni ilé ìwádìí ọ̀pẹ tá à ń pè ní NIFOR báyìí ti wà lọ́nà Àkúrẹ́. Lọ́dún 1973, àwọn ará Malaysia wá kó irúgbìn lọ lọ́dọ̀ wa. Inú ẹ̀ ni wọ́n ti ṣa ọ̀pẹ kúkúrú tó ń so dáadáa.

Mi ò ní kí NIFOR pa ìwádìí àrùn ọ̀pẹ tì o. Àmọ́ ọ̀pẹ kúkúrú ni kó ṣíwájú, kó sì dé ọwọ́ àgbẹ̀ kékeré. Ẹ̀yin ńkọ́?