Igi tí a ń bó tí kì í kú

Ohun tí a fi ń dí ẹnu ìgò, tí a ń pè ní kọ́ọ̀kì, èèpo igi ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwó ti fi í dí ìgò òògùn láìmọ èyí, nítorí igi náà kò sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ilẹ̀ Potogí àti Sípéènì àti ìhà àríwá Áfíríkà ni ó ti ń hù. Ṣùkù àgbàdo ni àwọn ìyá àgbà fi ń dí akèrègbè, kò sì burú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a máa fa omi mu, a sì máa jẹrà.

Kọ́ọ̀kì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1665, Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó, ó sì rí i pé iyàrá wẹ́wẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó kún inú wọn. Ìdí nìyí tí ó fi fúyẹ́ tí ó sì ń léfòó.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń bó o ni ó yẹ kí àgbẹ̀ fi etí sí. Igi náà yóò tó ọdún 25 kí wọ́n tó kọ́kọ́ bó o. Láti ìgbà náà, ó di ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Wọn a fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà ọdún sí ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kánjú padà wá. Èèpo òde nìkan ni àáké ń gbà. Ti inú kò gbọdọ̀ gbọgbẹ́. Èyí tí ó dára fún ìgò ọtí kì í tilẹ̀ jáde títí di bíbó kẹta, nígbà tí igi ti ju ọdún 40 lọ.

Kí ènìyàn wá rìn nínú oko àyíká Ìwó. Igi ahùn tí wọ́n ń bó fún ibà, ọ̀gánwó tí wọ́n ń bó fún àgbo, àdá a máa yí òmíràn ká pátápátá. Ẹni tí ó ṣe é rò pé èèpo lásán ni òun mú. Inú èèpo ni oúnjẹ tí ewé ń sè ń gbà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbòǹgbò. Bí ọ̀nà bá gé yíká, ebi ni yóò pa gbòǹgbò, igi yóò sì gbẹ lóòró. (Kí ẹni tí ibà ń ṣe má ṣe tìtorí àgbo ṣàì lọ sí ilé ìwòsàn; ọ̀rọ̀ igi ni èyí.)

Ahùn kò lè hu èèpo padà bí igi kọ́ọ̀kì. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a ṣọ́ ọ jù ú lọ: kí a mú ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì fi í sílẹ̀ títí ojú ọgbẹ́ yóò fi jinná. Àwọn tí ń ta èèpo ní ọjà Odò-Orí ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, nítorí igi tí ó bá kú kò ní èèpo mìíràn fún wọn. Ní Potogí, òfin kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi kọ́ọ̀kì láìgba àṣẹ, ìbáà jẹ́ orí ilẹ̀ tirẹ̀ ni ó wà. Olóko Ìwó tí ó ní ahùn méjì lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà, kí ó kọ ọdún sí ara wọn.